Kátíríìjì wo ni kí n rà sí ẹ̀rọ àwo bàbá mi?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó ti di olóògbé fi ẹ̀rọ àwo Technics SL-1200MK2 sílẹ̀ fún wa nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àpótí àwo mélòó kan. Ńláńlá tó ń yí ní 33 ló pọ̀ jù, kéékèèké tó ń yí ní 45 náà wà níbẹ̀, àti àwọn kan tó nípọn, tó wúwo, tí wọ́n kọ 78 sí lára. Sípíkà òsì kì í dún mọ́, ọ̀pá abẹ́rẹ́ náà sì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ohùn tí mo fi hàn ní àfi kí n ra kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní moving coil, pé òun ni ọba gbogbo wọn. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe tán láti rà á ránṣẹ́. Áńpílífáyà bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́, ihò PHONO sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èwo ni kí n ní kó rà?"

Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Inú mi dùn pé ẹ kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra páǹtí irin, torí pé MK2, tó jáde ní 1979, wà lára àwọn ẹ̀rọ àwo tó lálòpẹ́ jù lọ tí wọ́n tíì ṣe. Ohun tó sábà máa ń yọ ọ́ lẹ́nu kì í kọjá wáyà, eruku àti abẹ́rẹ́.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e: ẹ má ra moving coil. Ẹ ní kí àbúrò yín ra Audio-Technica AT-VM95E, kó sì fi abẹ́rẹ́ AT-VMN95E kan lé e, èyí tí ẹ máa fi pamọ́. Fún ẹni tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò lára kátíríìjì, ìyẹn ohun kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ dání lẹ́nu apá ẹ̀rọ àwo, ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá jẹ tàbí tó bá tẹ̀. Bí ẹ bá lè fi ọwọ́ yín fa abẹ́rẹ́ yẹn yọ lórí tábìlì, kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, kí orin sì máa lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti dì í sí páálí kó tún padà sókè òkun ni, ẹ̀rọ bàbá á kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé fún oṣù gbọọrọ.

Ṣùgbọ́n kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó kú gan-an. Ọ̀pá abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kì í sábà pa ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́nu mọ́; ohùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ń bà jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, tí ẹ̀ ń rò pé ọ̀kan ni. Ẹ pa áńpílífáyà, ẹ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ ẹnu wáyà funfun àti pupa tó ti ara ẹ̀rọ àwo wá sínú ihò PHONO, ẹ fi ọ̀kan sí ipò èkejì, kí ẹ tó tan án padà. Àwo tí kò já mọ́ nǹkan kan ni kí ẹ fi dán an wò o, torí pé abẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀ a máa wú ara àwo bí ó ti ń lọ. Bí ìdákẹ́ bá kúrò lósì tó bọ́ sọ́tùn-ún, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àwo ni àìsàn wà. Bó bá jẹ́ pé òsì ló ṣì dákẹ́, áńpílífáyà tàbí sípíkà ni kí ẹ gbé lọ fún rìpíárà. Kátíríìjì tuntun kò lè wo ìyẹn sàn.

Ká ní ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àwo ló wà. Ẹ kọ́kọ́ dá ẹnu wáyà funfun àti pupa padà sí ipò wọn. Òrùka irin kan wà lọ́rùn apá ẹ̀rọ náà. Ẹ yí i, pẹpẹ kékeré tí kátíríìjì so mọ́ á fà yọ síwájú. Hẹ́ẹ̀dìṣẹ́ẹ̀lì ni à ń pe pẹpẹ yẹn. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí ojú irin mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí píìnì lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ohùn ń gbà kọjá, afẹ́fẹ́ àti òógùn ọwọ́ a sì máa sọ ibẹ̀ di dúdú. Ẹ mú kílínà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, ẹ rọra fi ra ojú irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n á fi dán, ẹ fẹ́ ẹ̀rún rẹ̀ dànù, kí ẹ tó dá hẹ́ẹ̀dìṣẹ́ẹ̀lì padà sáyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kátíríìjì tí wọ́n ti ní ó kú ni mo ti rí tó jí nípa kílínà lásán.

Bí kò bá jí, ẹ wo ẹ̀yìn kátíríìjì fúnra rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín mẹ́rin ló wà níbẹ̀: funfun àti búlúù fún òsì, pupa àti àwọ̀ ewé fún ọ̀tún. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú ẹnu irin wọn, kí ẹ gbé funfun àti búlúù lọ sí ipò pupa àti àwọ̀ ewé, kí méjì yẹn náà bọ́ sí ipò tiwọn. Bí ìdákẹ́ bá sún lọ sọ́tùn-ún, kátíríìjì ló kú lóòótọ́. Bó bá dúró lósì, wáyà inú apá tàbí wáyà tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ ló já. Lára MK2, ibi tí wáyà ti ń jáde lẹ́yìn yẹn ló máa ń rẹ̀ kíákíá, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń fà nígbà tí wọ́n bá ń gbé e kiri. Rìpíárà tó mọwọ́ á fi òjé jó o padà.

Ohun kan tún kù tí ẹ gbọ́dọ̀ wò: orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára kátíríìjì bàbá. Bí ara rẹ̀ bá ṣì yè, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló tẹ̀, ẹ lè ra abẹ́rẹ́ lásán. Shure, tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn DJ wa nígbà kan, ti jáwọ́ nínú kátíríìjì láti 2018, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Jico ní Japan ṣì ń ṣe abẹ́rẹ́ fún púpọ̀ nínú àwọn tó ti ṣe. Nítorí náà, bí tiwọn bá jẹ́ Shure, ẹ má sọ ọ́ nù, àní bí ẹ bá tiẹ̀ ra tuntun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ moving coil tí wọ́n fi lọ̀ yín. Mi ò ní sọ pé ẹni náà fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ohun tó sọ ní òótọ́ nínú, ọ̀pọ̀ kátíríìjì tó gbówó lórí jù lọ láyé, moving coil ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ó fi ojú ara yín rí ìdí tí kò fi bá ilé yín mu.

Nínú irú tí wọ́n ń pè ní moving magnet, òòfà kékeré ló so mọ́ ìdí ọ̀pá abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń gbọ̀n nínú àwo, òòfà á máa mì láàrin kọ́ìlì tó dúró sójú kan, iná tín-tìn-tín á sì jáde lára kọ́ìlì náà. Iná yẹn ni ohùn. Nínú moving coil, ọ̀rọ̀ yí padà: òòfà ló dúró, kọ́ìlì ló so mọ́ ọ̀pá abẹ́rẹ́ tó ń mì. Kí kọ́ìlì yẹn má bàa wúwo, wáyà díẹ̀ ni wọ́n ń wé sí i, iná tó ń jáde náà á sì kéré gan-an. Denon DL-103, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 fún NHK, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kan ní Japan, tí wọ́n sì ń ṣe títí di òní, mílífólítì 0.3 péré ló ń mú jáde. AT-VM95E àti Ortofon 2M Red, moving magnet ni wọ́n: ti àkọ́kọ́ ń mú 4 jáde, èkejì ń mú 5.5.

Ihò PHONO tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ áńpílífáyà ìgbà bàbá wa, moving magnet ni wọ́n ṣe é fún. Nǹkan bí ìlọ́po 100 ló fi ń gbé iná náà ga. Moving coil bíi ti Denon ń fẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1,000. Bí ẹ bá kì í bọ ihò yẹn, ẹ ó máa yí fólúùmù sókè, ẹ ó máa yí i sókè, orin á ṣì jìnnà, ariwo kíkùn iná á sì gba gbogbo pálọ̀. Ẹ ó wá tún ra àpótí mìíràn tó ń gbé iná moving coil ga, owó á lé owó. Bí ẹ bá tiẹ̀ ra àpótí yẹn, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ṣì ń dúró dè yín, torí pé abẹ́rẹ́ moving coil kì í sábà ṣeé fà yọ nílé. Lọ́jọ́ tó bá jẹ, gbogbo kátíríìjì lẹ ó dá padà sílé-iṣẹ́, tàbí kí ẹ wá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń lẹ dáyámọ́ǹdì tuntun mọ́ ọ̀pá rẹ̀, wọn ò sì sí lágbègbè wa. Àwọn moving coil kan wà tó ń mú nǹkan bíi mílífólítì 2 jáde, tí ihò PHONO yín á gbé; abẹ́rẹ́ púpọ̀ nínú wọn kò ṣeé yọ bákan náà. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ẹ ṣọ́ra fún irú kejì tí wọ́n tún lè fi lọ̀ yín, ìyẹn kátíríìjì DJ tó gùn ṣọnṣọ, tó jẹ́ pé òun àti hẹ́ẹ̀dìṣẹ́ẹ̀lì jẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n kàn ń kì bọ apá. Ó rọrùn láti fi sí, mi ò ní purọ́, òde àríyá sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń tẹ àwo ní gíráàmù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má bàa fò nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ yí àwo síwá sẹ́yìn. Ẹ kò nílò ìyẹn nínú pálọ̀.

Ní ti abẹ́rẹ́ gan-an, ibi tí ọgbọ́n rírà wà nìyí, torí pé ẹnu abẹ́rẹ́ ló ń fara kan àwo. Ara kátíríìjì kàn ń gba ohun tí abẹ́rẹ́ bá gbọ́ ni. Ìlà tó wà lójú àwo jẹ́ poro tó ní ògiri méjì. Nínú àwo sitẹ́rio, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jà ní 1958, ògiri tó wà lápá ìta àwo ló gbé ohùn ọ̀tún, èyí tó wà lápá àárín ló gbé ohùn òsì. Abẹ́rẹ́ jókòó sáàrin méjèèjì, kò sì kan ìsàlẹ̀ poro. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní conical, ẹnu rẹ̀ yípo róbótó. Elliptical, èyí tó wà lára VM95E, wọ́n ti ré e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó sì tín-ín-rín láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà ó lè wọ àwọn kọ̀rọ̀ kéékèèké tí conical kàn máa ń gorí wọn kọjá.

Ibi tí ẹ ti máa gbọ́ ìyàtọ̀ ni orin tó kẹ́yìn lójú àwo, nítòsí bébà àárín. Àwo 33 ń yí ní iye kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n ìta rẹ̀ fẹ̀, àárín rẹ̀ kéré. Ní ìta, poro ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá fi máa dé orin ìkẹyìn, ó ti wá sí nǹkan bíi 21. Ohùn tó yẹ kó gba àyè ńlá ni wọ́n fún pọ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti máa ń di ariwo lásán, tí "s" ẹnu akọrin á máa ya. Ẹni tó ń gbọ́ ìjálá tàbí sákárà mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni tó: ọ̀rọ̀ ló gbé orin náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni abẹ́rẹ́ ń jẹ mọ́ni lẹ́nu. Elliptical tó dára máa ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ là.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ro ìtàn àwọn àwo yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kí bàbá tó ra Technics, rédíógíráàmù ni wọ́n fi ń gbọ́ wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé láyé ìgbà yẹn. Púpọ̀ nínú rédíógíráàmù ló ní Garrard tàbí BSR nínú, pẹ̀lú kátíríìjì seramiiki tó ń tẹ àwo ní gíráàmù mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ sàfáyà ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, sàfáyà sì ń jẹ kíákíá ju dáyámọ́ǹdì lọ. Ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò kò pọ̀. Nítorí náà, ògiri poro àwọn àwo tí bàbá fẹ́ràn jù ti lè jẹ níbi tí abẹ́rẹ́ conical máa ń jókòó sí.

Níbi yìí ni ìdílé VM95 ti wúlò jù lójú mi. Gbogbo abẹ́rẹ́ ìdílé yìí ló ń wọ ara kan náà. Lọ́jọ́ iwájú, láìtú súkúrúù kan, ẹ lè fa abẹ́rẹ́ E yọ kí ẹ fi ML sí i. Ẹnu abẹ́rẹ́ ML gùn lóòró, ó sì tín-ín-rín, ó ń fara kan ibi tó pọ̀ lára ògiri. Nígbà mìíràn ó máa ń bá ibi tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò tíì jẹ pàdé, àwo tí ẹ rò pé ó ti parí á sì tún sọ̀rọ̀ ketekete. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdọ̀tí tó ti wọlé lọ sísàlẹ̀ ni yóò bá pàdé, èyí ni mo fi ń sọ pé kí ẹ fọ àwo kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Owó ML fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti E. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé abẹ́rẹ́ E á lò tó wákàtí 300, conical 500, ML 1,000. Bí ẹ bá ń gbọ́ orin fún wákàtí kan lójoojúmọ́, E á lò bí oṣù mẹ́wàá, ML á sún mọ́ ọdún mẹ́ta. Tí a bá wò ó dáadáa, owó wákàtí kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kí ló wá dé tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E? Nítorí pé ọwọ́ yín ṣì máa kọ́ṣẹ́. Ọmọdé á fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń nu tábìlì á fi aṣọ gbá a, ẹ̀yin fúnra yín á ju apá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó sàn kí abẹ́rẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jẹ ìyà yẹn. Bí ẹ bá lo E méjèèjì tán láìsí ìjàǹbá, ẹ ra ML.

Bí àbúrò yín kò bá rí VM95E, Ortofon 2M Red ni kó rà. Òun náà jẹ́ elliptical, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé fà yọ, abẹ́rẹ́ 2M Blue tó dára jù ú lọ sì ń wọ ara rẹ̀. Méjèèjì bá apá MK2 mu. Apá yẹn wúwo díẹ̀, gíráàmù 12 ni wọ́n kọ fún un, abẹ́rẹ́ tó bá rọ̀ jù kò sì yẹ ẹ́, torí pé àwo tó bá ká díẹ̀ á máa mì ín lọ sókè sódò. Ẹ ní kó rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n mọ̀, nínú páálí tí wọn kò tíì tú. Ẹ má jẹ́ kó ra tòkúnbọ̀ o, nítorí pé ojú lásán kò lè mọ wákàtí tí abẹ́rẹ́ ti ṣe, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ a sì máa gé poro. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ wálé, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́.

Àwọn àwo 45 tí ẹ sọ, bí wọ́n bá jẹ́ ti àwọn ọdún 1960, mónò ni púpọ̀ nínú wọn máa jẹ́. Kátíríìjì sitẹ́rio ń kọ wọ́n láìsí wàhálà. Ẹ wá bọ́tìnnì MONO lára áńpílífáyà kí ẹ tẹ̀ ẹ́, apá kan nínú ariwo eruku á pa ara rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí pé ohùn àwo mónò wà nínú mímì sọ́tùn-ún sósì, púpọ̀ nínú ariwo sì wà nínú mímì sókè sódò.

Àwọn 78 ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Ẹ má gbé wọn sórí MK2 rárá. 33 àti 45 nìkan ni ẹ̀rọ náà ń yí. MK7 tó jáde ní 2019 ló ní 78. Yàtọ̀ síyẹn, poro wọn fẹ̀ gan-an ju ti 33 lọ, abẹ́rẹ́ kékeré á kàn máa já wálẹ̀ sínú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ tiwọn yàtọ̀. Ìdílé VM95 náà ní i, SP ni wọ́n ń pè é, gíráàmù 5 ló sì ń tẹ̀, nítorí náà ara kátíríìjì kan náà á tún wúlò lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń yí 78. Ní báyìí, ẹ tò wọ́n ní ìdúró, ẹ má to ọ̀kan lé èkejì, torí pé wọ́n ń fọ́ bí àwo tánganran. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìpíríìtì nù wọ́n láé. Oje kòkòrò tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, sìpíríìtì a sì máa yọ́ ọ. Ohùn tó wà lára irú àwo yẹn lè má sí níbòmíràn mọ́.

Bí kátíríìjì bá dé, ẹ̀yin fúnra yín lè dè é. Ẹ pa áńpílífáyà. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ lè rí ohun tó bá bọ́. Ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ kúrò lára VM95 kí ẹ tó mú súkúdíráífà, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ kò ní dé. Ìyẹn nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ìjàǹbá tó ń pa abẹ́rẹ́ púpọ̀ jù. Ẹ yọ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára ti àtijọ́, irin ẹnu wọn ni kí ẹ̀mú mú, ẹ má fa wáyà. Ẹ tì wọ́n bọ tuntun gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ tí mo kọ sókè. Bí ọ̀kan bá já, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òjé jó o mọ́ ẹ̀yìn kátíríìjì, iná á wọlé lọ ba kọ́ìlì jẹ́. Hẹ́ẹ̀dìṣẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ tún ṣe. VM95 ní ojú ihò tó ti ní ìlà súkúrúù nínú, ẹ kò ní máa wá nọ́ọ̀tì kéékèèké kiri nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí súkúrúù méjèèjì wọlé díẹ̀, kí kátíríìjì ṣì lè sún. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ padà, pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ lára. Lára Technics, láti rọ́bà tó wà ní ìdí hẹ́ẹ̀dìṣẹ́ẹ̀lì dé ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 52. Ẹ fi rúlà tó ń fi mílímítà hàn wọ̀n ọ́n, ẹ sún kátíríìjì síwájú sẹ́yìn títí yóò fi pé, ẹ wò ó látòkè kó má wọ́, kí ẹ wá fún súkúrúù ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Mílímítà kan tó yẹ̀ tó láti ba orin ìparí àwo jẹ́, nítorí náà ẹ má kánjú níbí.

Ẹ dá a padà sí apá, ẹ yọ ìbòrí abẹ́rẹ́, ẹ yí nọ́ńbà anti-skate, ìyẹn ohun tó ń fa apá díẹ̀ sí ìta kó má bàa sáré lọ sáàárín àwo, sí òdo. Ẹ yí irin ìwọ̀n ẹ̀yìn apá títí apá á fi léfòó gbọọrọ láìlọ sókè, láìlọ sílẹ̀. Ẹ wá yí òrùka nọ́ńbà nìkan sí òdo, kí ẹ sì yí irin náà lápapọ̀ dé 2. Gíráàmù 2 ni VM95E ń fẹ́, láàrin 1.8 sí 2.2, bó bá jẹ́ 2M Red, 1.8. Sìkéèlì kékeré tí àwọn oníwúrà fi ń wọn ẹ̀gbà tó wà lọ́jà, ẹ rà á kí ẹ fi wádìí rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí abẹ́rẹ́ bá fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń ṣàánú àwo. Ó ń fò lójú ògiri ni, ó sì ń gbá a padà. Èyí ń ba àwo jẹ́ ju gíráàmù 2 tó jókòó dáadáa lọ. Ẹ wá yí anti-skate náà sí 2.

Ẹ tún fi ojú wo apá láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lórí àwo: kó tẹ́ bákan náà pẹ̀lú àwo. Bí ẹ̀yìn bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, MK2 ní òrùka ní ìdí apá tó ń gbé e sókè tó mílímítà 6. Ẹ má gbàgbé láti so wáyà ẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ áńpílífáyà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa kùn.

Ẹ̀yin náà mọ ọyẹ́ ìlú wa. Láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, eruku á máa wọ inú ilé bí fèrèsé tiẹ̀ wà ní títì. Eruku tó bá jókòó sínú poro ni abẹ́rẹ́ ń lọ̀ mọ́ ògiri. Ẹ máa bo ẹ̀rọ, ẹ máa dá àwo padà sínú bébà rẹ̀ ní gbàrà tó bá tán. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú nìkan, ẹ má fi nù ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ láé. Àwọn àwo 33 àti 45 ṣeé fi omi bátìrì tí kò ní ásíìdì nínú fọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan; ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín, ẹ fi omi bátìrì mìíràn ṣan án, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ níbi tí òòrùn kò sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwo tí bàbá fẹ́ràn jù. Ẹ mú èyí tí ẹ mọ orin rẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì ní méjì rẹ̀ tàbí tí kò ṣòroó rí. Ẹ fetí sí ohùn akọrin, kó wà láàrin sípíkà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lọ sí orin ìkẹyìn. Bí "s" bá ń ya lórí gbogbo àwo tí ẹ bá gbé sí i, ẹ padà lọ wọn mílímítà 52 yẹn. Bó bá jẹ́ pé orí àwo kan ṣoṣo ló ti ń ya, tí àwọn yòókù mọ́ kedere, àwo yẹn ló ti jẹ; ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì tún gbé e wò lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ ML bá dé.